Wọ́n Ní Kí Ẹ̀gbọ́n Mi Dijú Lórí Òkè

Ní agbègbè wa ní Alimọ́ṣọ́, Èkó, láti Òkè-Odò títí dé Ìkòtún, bí ẹni tó jókòó sórí kẹ̀kẹ́ arọ bá kọjá láàárín ọjà, àdúrà ni yóò kọ́kọ́ gbọ́. "Ọlọ́run á dá yín lóhùn." "Ẹ máa tó rìn, lágbára Ọlọ́run." Àwọn mìíràn á sún mọ́ ọn, wọ́n á ní àwọn mọ wòlíì kan, tàbí ààfáà kan, tàbí orí òkè kan tí irú àìsàn báyìí kì í bá ènìyàn sọ̀ kalẹ̀. Mi ò bá wọn jà, inú rere ló ń sọ̀rọ̀. Ní Ìkòtún wa yìí náà ni ìjọ tí Wòlíì T.B. Joshua dá sílẹ̀ wà, ibi tí àwọn aláìsàn ti wọ ọkọ̀ òfurufú wá láti ilẹ̀ òkèèrè. Ó ti mọ́ wa lójú láti rí ẹni tí kò lè rìn gẹ́gẹ́ bí ẹni tó ń wá ìwòsàn. Ohun tó ń dùn mí ni pé ibẹ̀ náà la máa ń dúró sí. Ta ló ń bi ẹni tó wà lórí kẹ̀kẹ́ arọ pé níbo ló wù ú láti lọ gbafẹ́?

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ló jẹ́ kí n máa ro ọ̀rọ̀ yìí. Àìsàn rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ ló mú wọn ní kékeré, nígbà tí àjẹsára kò tíì máa kan ilẹ̀kùn ilé kọ̀ọ̀kan bó ṣe ń ṣe lóde òní. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2020, Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé ẹ̀yà àdáyébá kòkòrò àrùn náà ti kúrò ní ilẹ̀ Áfíríkà, gbogbo wa sì yọ̀. Ṣùgbọ́n àwọn tó ti mú kó tó lọ ṣì wà láàárín wa. Wọ́n ti dàgbà, wọ́n ń ṣiṣẹ́, wọ́n ń tọ́mọ, wọ́n ń san owó ilé. Aránṣọ ni ẹ̀gbọ́n mi, Òkè-Odò ni ṣọ́ọ̀bù wọn wà, ẹ̀rọ ìránṣọ wọn kì í sì í sinmi bí ọdún bá ti ń súnmọ́lé.

Nígbà tí wọ́n wà lọ́mọdé, àwọn òbí wa gbé wọn lọ sí oríṣiríṣi òkè àdúrà. Bàbá wa ló pọ̀n wọ́n gun ọ̀kan nínú àwọn òkè náà, tí àwọn arákùnrin ìjọ ń gbà wọ́n pọ̀n nígbà tó bá rẹ Bàbá. Nígbà tí wọ́n dé téńté òkè, aṣáájú àdúrà ní kí gbogbo ènìyàn dijú. Ẹ̀gbọ́n mi kò dijú. Ọjọ́ tí wọ́n sọ ọ́ fún mi, a ti dàgbà, a jọ jókòó sí ṣọ́ọ̀bù, wọ́n ń ta bọ́tìnnì mọ́ ẹ̀wù.

"Àbúrò mi, mi ò tíì wà níbi tó ga bẹ́ẹ̀ rí láyé mi. Mo rí orí igi. Láti ìgbà tí wọ́n ti bí mi, ìdí igi ni mo ń rí. Lọ́jọ́ yẹn, mo rí ẹyẹ tó ń fò nísàlẹ̀ mi. Wọ́n ní kí n dijú, mo wá ń rò ó pé, ṣé ẹni tó dá gbogbo èyí á bínú pé mò ń wò ó ni?"

Pípọ̀n ni wọ́n pọ̀n wọ́n lọ, pípọ̀n náà ni wọ́n pọ̀n wọ́n bọ̀. Àwọn ará ilé ka ìrìn àjò náà sí èyí tí kò sèso. Ẹ̀gbọ́n mi nìkan ló mọ̀ pé òun rí nǹkan gbà bọ̀.

Ọ̀rọ̀ yẹn kò kúrò lọ́kàn mi mọ́. Ó fi hàn mí pé agbára láti gbé ẹni tí kò lè rìn gun òkè kò ṣẹ̀ṣẹ̀ máa wá sáàárín wa. A ti ní in tipẹ́. Bí a bá ti gbà gbọ́ pé ara ẹni náà máa yí padà, a ó wá okùn, a ó wá èjìká, a ó wá owó ọkọ̀. Ohun tí a kò tíì gbà gbọ́ ni pé ó tọ́ láti gbé e gun òkè náà bí ara rẹ̀ ṣe wà gan-an, nítorí pé ó wù ú, kó sì sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú ayọ̀ nìkan.

Ẹ wo ibi tí à ń gbé. Alimọ́ṣọ́ jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ìjọba ìbílẹ̀ tí èrò pọ̀ sí jù lọ ní Nàìjíríà, ilé sì fẹ́rẹ̀ẹ́ gba gbogbo ilẹ̀ tán. Títì márosẹ̀ Èkó sí Abẹ́òkúta gba iwájú Òkè-Odò kọjá, ọjà Ilé-Ẹpo wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ariwo àti èéfín kì í sì í dáwọ́ dúró. Ẹni tó fẹ́ sọdá títì láìséwu, afárá ẹlẹ́sẹ̀ ni yóò gùn, àtẹ̀gùn lóríṣiríṣi. Ẹni tí kẹ̀kẹ́ gbé, inú eré ọkọ̀ ni yóò gbà. Ní Ìgandò, ibi tí ilẹ̀ ti ga jù lójú ọmọdé ni òkìtì pàǹtí Solous, tí wọ́n fi ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọdún dà sílẹ̀. Ó yẹ kí ọmọ Alimọ́ṣọ́ mọ òkè mìíràn yàtọ̀ sí èyí. Bí ọmọ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ dá ṣáṣá kò bá rí ibi ìgbafẹ́ tó ní igi àti ibòji nítòsí, kí ni a fẹ́ sọ nípa èyí tí gọ́tà kan lásán lè dá dúró?

Àwọn àgbà wa kò fojú kékeré wo àwọn àkàndá ẹ̀dá nínú èrò wọn nípa ayé. Abuké, arọ àti àfín, ẹni òrìṣà ni wọ́n ń pè wọ́n, wọ́n ní ọwọ́ Ọbàtálá ni wọ́n wà, ẹni tó bá sì fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́, òrìṣà ló fi ṣe yẹ̀yẹ́. Wọ́n tún kọ́ wa pé a kì í ti ojú oníka mẹ́sàn-án kà á. Ẹ̀kọ́ rere ni, mo sì fẹ́ kí ọmọ mi mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n mo ti ń rí i pé ìtìjú rere yìí ti di ìdákẹ́jẹ́ nílé ọ̀pọ̀ wa. Nítorí pé a kò fẹ́ ka ìka rẹ̀ lójú rẹ̀, a kò bi í léèrè ohunkóhun mọ́. Ẹbí á pète àtilọ sí etíkun lọ́jọ́ Àjíǹde, wọ́n á rọra sọ ọ́ kí ẹ̀gbọ́n má baà gbọ́. Ọmọ iléèwé á lọ wo òkè, èyí tó ní ìpèníjà ara nínú wọn á dúró sílé, olùkọ́ á ní kí ó má baà kó sí wàhálà. A ń bọ̀wọ̀ fún wọn débi pé a ń fi wọ́n sílẹ̀.

Ní ti ayẹyẹ, a ti gbọ́n ju bẹ́ẹ̀ lọ. Láti ìgbà tí ìjàǹbá ọkọ̀ ti ṣe olórin Yínká Ayéfẹ́lẹ́ ní ọdún 1997, orí àga oníkẹ̀kẹ́ ló ti ń kọrin tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn ń jó sí. Kò sí ẹni tó ń sọ pé kó lọ wo sàn ná kó tó wá dá wa lára yá. Ààrin agbo ló wà, ààrin agbo la sì ń retí rẹ̀ sí. Bẹ́ẹ̀ ni mo fẹ́ kó rí nínú igbó, lórí àpáta, ní ẹsẹ̀ ìsun omi.

Títì tó gba iwájú ṣọ́ọ̀bù ẹ̀gbọ́n mi kọjá yẹn, bí a bá tẹ̀lé e tààrà kọjá Sàngó-Ọ̀tà àti Ìfọ̀, Abẹ́òkúta ló ń gbé wa lọ, sí ìdí àpáta Olúmọ. Reluwé náà wà báyìí: láti ọdún 2021 ni èyí tó ń ti Èkó lọ sí Ìbàdàn ti ń gbé èrò, ó ń dúró ní Agége tí kò jìnnà sí wa, ó sì ń dúró ní Abẹ́òkúta, ní ibùdó tí wọ́n fi orúkọ Wọlé Ṣóyínká pè. Olúmọ ni òkè tó sún mọ́ wa jù, ìtàn rẹ̀ sì ni mo fẹ́ ká tún rò.

A mọ̀ pé ní nǹkan bí ọdún 1830, lẹ́yìn tí ogun ti tú ìlú àwọn Ẹ̀gbá ká, abẹ́ àpáta yẹn ni wọ́n sá wá lábẹ́ ìdarí Ṣódẹkẹ́. Wọ́n gbé inú ihò rẹ̀, wọ́n dáná níbẹ̀. A máa ń sọ ìtàn àwọn jagunjagun àti àwọn aṣáájú. Mo máa ń ro àwọn yòókù. Ogun kì í yan ẹni tó lè sáré. Arúgbó wà nínú àwọn tó sá, aboyún wà níbẹ̀, afọ́jú àti ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbé e náà kò lè ṣàìsí. Ẹni tó bá dé abẹ́ àpáta nínú wọn, ẹnì kan ló gbé e débẹ̀. Bí Olúmọ bá jẹ́ ilé ààbò fún gbogbo Ẹ̀gbá lọ́jọ́ ìpọ́njú, kò yẹ kó wá di ti ẹlẹ́sẹ̀ líle nìkan lọ́jọ́ ìdẹ̀ra.

Nígbà tí ìjọba Ìpínlẹ̀ Ògùn tún ibẹ̀ ṣe ní ọdún 2006, wọ́n fi ẹ̀rọ agbéniròkè sí ara àpáta náà. Inú mi dùn sí èrò yẹn títí dòní. Ẹnì kan jókòó níbi tí wọ́n ti ń pète, ó sì rántí pé àwọn kan ń bẹ tí àtẹ̀gùn kò ní jẹ́ kí wọ́n rí odò Ògùn àti àwọn òrùlé Abẹ́òkúta láti òkè. Àmọ́ ẹ̀rọ nìkan kọ́ ni ọ̀nà. Ẹ̀rọ agbéniròkè ń fẹ́ iná, iná wa sì ń lọ, ó ń bọ̀. Ó ń fẹ́ ẹni tó mọ̀ ọ́n tún ṣe, àti owó àtúnṣe tó wà nínú ìṣirò ọdọọdún kó tó bàjẹ́. Ó sì ń fẹ́ kí ilẹ̀ láti ẹnu géètì dé ẹsẹ̀ rẹ̀ tẹ́jú, kí ilé ìyàgbẹ́ ní ilẹ̀kùn tí kẹ̀kẹ́ lè wọ̀. Bí ọ̀kan bá yọ nínú wọn, gbogbo ìyókù di asán fún ẹni tó wà lórí kẹ̀kẹ́.

Òkè Ìdànrè le ju Olúmọ lọ. Àtẹ̀gùn ibẹ̀ lé ní 600. Àwọn tó ń kọ́lé ní ìlànà kan nípa ọ̀nà gẹ̀rẹ́ tí kẹ̀kẹ́ arọ ń gbà: bí ibi tí à ń lọ bá ga ní mítà kan, ọ̀nà náà gbọ́dọ̀ gùn tó mítà 12, kí ọwọ́ ẹni tó ń yí i má baà já. Bí a bá ka àtẹ̀gùn kọ̀ọ̀kan sí sẹ̀ǹtímítà 15, 600 yóò ga tó mítà 90, ọ̀nà gẹ̀rẹ́ rẹ̀ yóò sì gùn tó mítà 1,080, yàtọ̀ sí ibi ìsinmi tí a ní láti máa fi sí àárín. Díẹ̀ ló fi lé ní kìlómítà kan. Iye yẹn kò bà mí lẹ́rù, nítorí títì tó gùn jù bẹ́ẹ̀ lọ la ń ṣe lójoojúmọ́. Síbẹ̀ mi ò ní sọ pé kí wọ́n fi katakata la àpáta Ìdànrè. Ìlú àtijọ́ wà lórí rẹ̀, pẹ̀lú ààfin Ọwá àti ojúbọ, orúkọ rẹ̀ sì ti wà láti ọdún 2007 lára àwọn ibi tí Nàìjíríà fẹ́ kí UNESCO kà sí ogún ayé. A kò gbọ́dọ̀ ba ohun tí à ń fẹ́ fi hàn wọ́n jẹ́. Ọgbọ́n mìíràn wà.

Ní ilẹ̀ Faransé ní ọdún 1987, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Joël Claudel ní ọmọ ẹbí kan tí àìsàn iṣan kò jẹ́ kó lè rìn mọ́. Ó wù ú kí àwọn jọ máa lọ sórí òkè bíi ti tẹ́lẹ̀. Ó bá ṣe àga kan tó ní táyà kan ṣoṣo lábẹ́, ọ̀pá níwájú, ọ̀pá lẹ́yìn. Ẹnì kan á fà á, ẹnì kan á dì í mú lẹ́yìn, wọ́n á sì gba ojú ọ̀nà tóóró inú igbó àti orí òkúta tí kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin kò lè gbà. Wọ́n ń pè é ní Joëlette, ó sì ti kọjá ilẹ̀ Faransé báyìí. Mo máa ń wo àwọn alágbẹ̀dẹ tó ń jó irin ní ẹ̀gbẹ́ títì wa, tó ń ṣe géètì, tó ń ṣe kẹ̀kẹ́ akẹ́rù, mo sì mọ̀ pé bí a bá fi àwòrán rẹ̀ hàn wọ́n, tí a sì jókòó tì wọ́n, wọ́n á ṣe tiwa. Àwọn ọ̀dọ́ ìsàlẹ̀ òkè Ìdànrè lè kọ́ bí a ṣe ń dì í mú, kí ó di iṣẹ́ tí wọ́n ń gba owó rẹ̀, bí wọ́n ṣe ń mú àlejò rìn.

Àìrìn jìnnà ni àìrí abuké ọ̀kẹ́rẹ́. Ní Gúúsù Áfíríkà, láti ọdún 1929 ni àpótí tí okùn irin ń fà ti ń gbé ènìyàn lọ sórí òkè Table Mountain ní Cape Town, kẹ̀kẹ́ arọ sì ń wọ inú rẹ̀. Ní ẹsẹ̀ òkè kan náà, ní ọgbà Kirstenbosch, wọ́n ṣe afárá kan tó ṣe kọ́lọkọ̀lọ gba àárín orí igi ní ọdún 2014, ó gùn tó mítà 130, kẹ̀kẹ́ arọ sì ń gbà á. Ọ̀nà kan tún wà níbẹ̀ fún àwọn tí kò ríran: okùn ni wọ́n ta sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ tí ọwọ́ ń tẹ̀lé, lẹ́tà Braille ń sọ ohun tó wà nítòsí. Afọ́jú á fi ọwọ́ kan èèpo igi, á gbóòórùn ewé, á gbọ́ ẹyẹ. Ó yẹ ká rántí èyí, nítorí bí a bá ti ní "àkàndá ẹ̀dá", kẹ̀kẹ́ nìkan ló ń wá sọ́kàn wa. Adití ń fẹ́ afinimọ̀nà tó lè fi ọwọ́ sọ̀rọ̀. Ọmọ tí ariwo ń dà láàmú ń fẹ́ wákàtí tí èrò kò pọ̀.

Ní ọdún 2001, ará Amẹ́ríkà kan tó fọ́jú, Erik Weihenmayer, gun òkè Everest dé téńté. Mo yìn ín tọkàntọkàn. Ṣùgbọ́n kì í ṣe akọni ni ẹ̀gbọ́n mi fẹ́ jẹ́. Wọ́n fẹ́ jókòó sí ibi tó ga, kí wọ́n jẹ gúgúrú àti ẹ̀pà, kí wọ́n wo ilẹ̀. Ẹ̀tọ́ tó yẹ kó wà ni ti ẹni tí kò fẹ́ fi ohunkóhun hàn ẹnikẹ́ni.

Ẹ̀tọ́ ni mo pè é, òfin sì gbè mí. Ìpínlẹ̀ Èkó ṣe òfin àwọn àkàndá ẹ̀dá ní ọdún 2011, òun ló sì dá àjọ LASODA tó ń mójú tó ọ̀rọ̀ wọn sílẹ̀. Ìjọba àpapọ̀ tẹ̀ lé e: ní oṣù kìíní ọdún 2019 ni Ààrẹ Buhari buwọ́ lu òfin tó ka yíya àwọn àkàndá ẹ̀dá sọ́tọ̀ léèwọ̀, ó sì fún àwọn ilé àti ibi tí ará ìlú ń lò ní ọdún márùn-ún láti tún ara wọn ṣe. Ọdún márùn-ún náà ti pé láti oṣù kìíní ọdún 2024. Kí àwọn òfin wọ̀nyí tó dé, Nàìjíríà ti fọwọ́ sí àdéhùn Ìparapọ̀ Orílẹ̀-èdè Àgbáyé lórí ẹ̀tọ́ àwọn àkàndá ẹ̀dá ní ọdún 2007. Abala 30 nínú àdéhùn yẹn dárúkọ fàájì, eré ìdárayá àti ìrìn àjò ìgbafẹ́ ní gbangba. Kò pè wọ́n ní ojú àánú. Ẹ̀tọ́ bíi ti iléèwé àti iṣẹ́ ló kà wọ́n sí.

Lọ́jọ́ kan, mo mú ẹ̀gbọ́n mi lọ sí ọgbà ìdáàbòbò ẹ̀dá ní Lẹkki, èyí tí àjọ Nigerian Conservation Foundation dá sílẹ̀ ní ọdún 1990. Igbó gidi ni, hẹ́kítà 78, láàárín ìlú tó ti yí i ká. Afárá orí igi rẹ̀ gùn tó mítà 401, òkìkí rẹ̀ sì kàn, ṣùgbọ́n àtẹ̀gùn ni wọ́n ń gbà dé orí rẹ̀, nítorí náà a kò dá a lé. Ọ̀nà onípákó tó la ilẹ̀ àbàtà kọjá nísàlẹ̀ ni a gbà. Mo ń ti kẹ̀kẹ́, pákó ń dún lábẹ́ wa, ẹ̀gbọ́n mi ń na ọwọ́ fa ewé mọ́ra. Ọ̀bọ kan bẹ́ sí iwájú wa, wọ́n kígbe ayọ̀ bí ọmọdé, wọ́n pe ọmọ wọn lórí fóònù kó wá gbọ́. Ìyá kan tó ń bọ̀ níwájú dúró, ó gbé ọwọ́ sókè, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbàdúrà fún ẹsẹ̀ wọn. Ẹ̀gbọ́n mi jẹ́ kó parí. Wọ́n ní, "Àmín, Mà. Ẹ ṣeun. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá èmi àti àbúrò mi ya fọ́tò." Ìyá náà rẹ́rìn-ín, ó yà wá, ó sì bá wa rìn títí dé ibi tí a ti yà. Ohun tí wọ́n bá ara wọn sọ lọ́nà ni aṣọ, ọmọ, àti iye tí tòmátò ti dà.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, nínú ọkọ̀, ẹ̀gbọ́n mi kò sọ̀rọ̀ ìwòsàn. Wọ́n ń bèèrè bí ọ̀nà Abẹ́òkúta ṣe rí.

Ohun tí mo ń fẹ́ kò nira láti kà. Mo fẹ́ kí ìjọba ìbílẹ̀ wa wá ilẹ̀ kan ní Alimọ́ṣọ́, kódà kó jẹ́ pílọ́ọ̀tì díẹ̀, kí wọ́n gbin igi sí i, kí ọ̀nà inú rẹ̀ tẹ́jú láti títì wọlé. Mo fẹ́ kí gbogbo ibi ìgbafẹ́ ilẹ̀ Yorùbá kọ òtítọ́ ara wọn síta: àtẹ̀gùn mélòó ni, ṣé ẹ̀rọ agbéniròkè ń ṣiṣẹ́ lọ́sẹ̀ yìí, báwo ni ilẹ̀kùn ilé ìyàgbẹ́ ṣe fẹ̀ tó. Kò ná wọn ju páálí àti kíkùn lọ, ó sì lè gba ẹnì kan lọ́wọ́ ìrìn òfo. Mo fẹ́ kí ìjọ àti mọ́sáláṣí tó ní bọ́ọ̀sì yọ ọjọ́ kan nínú ọdún fún àwọn àkàndá ẹ̀dá inú wọn, kí ìrìn náà jẹ́ ti fàájì, kí àdúrà rẹ̀ jẹ́ ti ọpẹ́.

Èyí tó kù wà lọ́wọ́ àwa ẹbí. Kí á tó gbéra lọ síbikíbi, ká pe àwọn tó ń bójú tó ibẹ̀ lórí fóònù ká bèèrè: ẹni tó wà lórí kẹ̀kẹ́ ń bọ̀, ibo ni yóò gbà? Bí wọ́n bá dáhùn pé kò sí ọ̀nà, ká tún pè lóṣù tó ń bọ̀. Ibi tí ẹnikẹ́ni kò ti bèèrè rí, wọ́n á máa rò pé kò sí ẹni tó ń fẹ́ wá. Èmi ti bẹ̀rẹ̀ sí í pè. Ọ̀nà Abẹ́òkúta ni mò ń bèèrè.